Ariwo Tí A Fi Asẹ́ Bò: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Nínú Yàrá Ìwádìí Ẹ̀rọ Ìṣègùn

Yàrá ìwádìí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí jẹ́ ti ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn ní yunifásítì kan. Iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ ni pé kí n máa bójú tó àwọn ẹ̀rọ, kí n rí i pé wọ́n ń ṣiṣẹ́, kí n sì rí i pé wọn ò pa ẹnikẹ́ni lára. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin, apá kejì iṣẹ́ yìí bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò sì mọ̀. Ìdí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn, látòkè délẹ̀, pẹ̀lú ibi tí èmi fúnra mi ti ṣi í.

Ohun tí a ń ṣe níbẹ̀ kò ṣòroó ṣàlàyé. A máa ń lẹ electrode, ègé kékeré tó ń gba iná ara, mọ́ awọ itan ẹni tó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀, a ó ní kó máa rìn lórí treadmill, ẹ̀rọ tí èèyàn ń rìn lórí rẹ̀ láì kúrò lójú kan, a ó sì máa ka iná tí iṣan itan rẹ̀ ń mú jáde bó ṣe ń rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ ìrìn ni mo máa pè é láti ìsinsìnyí lọ.

Iná tí ara ẹ̀dá ń mú jáde kéré gan-an. Èyí tó ń ti ọkàn wá, tí a bá wọ̀n ọ́n lórí àyà, kò ju bíi 1 millivolt, ìdá ẹgbẹ̀rún volt kan, lọ. Ti ọpọlọ, lórí awọ orí, kì í sábà ju 100 microvolt lọ, ìyẹn ìdá mẹ́wàá ti ọkàn. Ti iṣan wà láàárín ibẹ̀ yẹn, ó lè kọjá rẹ̀ díẹ̀. Iná 230 volt sì rèé nínú ògiri, kò jìnnà ju mítà méjì lọ sí ẹni tó dúró. Bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ́tí sí mímí ọmọ ọwọ́ nídìí ìlù ni. Nígbà tí Willem Einthoven, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1924 nítorí ẹ̀rọ tó fi ń ka iná ọkàn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ ní Leiden, ní Netherlands, ẹ̀rọ náà wúwo débi pé kò ṣeé gbé lọ bá aláìsàn. Ló bá fi wáyà tẹlifóònù gba iná ọkàn aláìsàn láti ilé ìwòsàn tó jìnnà tó kìlómítà kan ààbọ̀. Mo máa ń rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí mítà méjì péré bá ń fún wa ní wàhálà.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, wọ́n kó wa láti yàrá wa àtijọ́ lọ sí òmíràn nísàlẹ̀ ilé kan náà. Ó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú gbogbo wa sì dùn. A wọn gígùn rẹ̀, a wọn ìbú rẹ̀, a yan ibi tí tábìlì máa wà, àmọ́ kò sẹ́ni tó béèrè bí wọ́n ṣe fa iná sí i. Ẹ̀rọ ìrìn wà lápá ọ̀tún, ó ń jẹ iná láti sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri ibẹ̀ nípasẹ̀ extension kan, torí wáyà tirẹ̀ kò gùn tó. Kọ̀ǹpútà àti amplifier, ẹ̀rọ tó ń sọ iná kékeré ara di ńlá kí kọ̀ǹpútà lè kà á, wà lápá òsì. Ojú wáyà tó ń gbé iná wá fún apá méjèèjì yàtọ̀ síra, wáyà éàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, èyí tó ń kó iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, sì gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Wáyà kan tún wà láàárín àwọn méjèèjì, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí ẹ̀rọ ìrìn ṣe ń yára tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wáyà tín-ín-rín yẹn sọ́kàn.

Láti ọ̀sẹ̀ kìíní la ti ń rí ariwo, ìyẹn iná àjèjì tó ń da àmì wa rú. Ìlà tó yẹ kó dákẹ́ rọ́rọ́ lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí èèyàn bá dúró jẹ́ẹ́ ń gbọ̀n, ó ń lọ sókè sódò nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn 50 Hz. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí mọ̀ pé iná ògiri nìyẹn. Kò pọ̀ púpọ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, a kàn wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ariwo náà ti lọ. A dúpẹ́, a ń bá iṣẹ́ lọ. Mi ò béèrè ohun tó gbé e lọ, ibẹ̀ sì ni àṣìṣe mi àkọ́kọ́. Ariwo iná kì í ṣàdédé lọ.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìwádìí tuntun bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí yìí kò nílò kí kọ̀ǹpútà mọ bí ẹ̀rọ ìrìn ṣe ń yára tó, nítorí náà wọ́n tú wáyà tín-ín-rín yẹn, wọ́n ká a, wọ́n fi kọ́ ògiri. Lọ́jọ́ kan náà ni ariwo padà wá, ó sì ti di ńlá. Ó bo àmì iṣan mọ́lẹ̀ pátápátá.

Iṣẹ́ ń sún mọ́ ọjọ́ tó yẹ kó parí, ọ̀nà tó yá jù ni wọ́n sì gbà: asẹ́. Nínú kọ̀ǹpútà, a lè ṣe asẹ́ tó máa yọ ohun gbogbo tó bá ń lọ ní 50 Hz dànù, tó sì máa jẹ́ kí ìyókù kọjá. Wọ́n ṣe é, ìlà náà mọ́, ojú gbogbo èèyàn wálẹ̀. Wọ́n fi hàn mí, mo ní ó dáa. A fi ètè sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ìwádìí náà, ọ̀kan nínú àwọn olùyọ̀ǹda sọ pé irin tí òun ń dì mú lórí ẹ̀rọ ìrìn ń ta òun lọ́wọ́, bí ìgbà tí èèrà bá ń rìn lórí awọ. Wọ́n pè mí. Mo fọwọ́ kàn án, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Bàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ mi, ọwọ́ mi sì gbẹ. Mo sọ fún un pé iná tí bẹ́líìtì ń pa jọ bó ṣe ń yí ni, pé kò léwu. Lóòótọ́, bẹ́líìtì máa ń pa irú iná bẹ́ẹ̀ jọ. Àmọ́ ìyẹn máa ń já táà lẹ́ẹ̀kan ni, ó sì tán. Kì í rìn lọ́wọ́ èèyàn bí èèrà láì dúró. Obìnrin náà sọ òótọ́ ohun tó ń ṣe é fún mi, èmi ni mi ò gbọ́ ọ. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ló dùn mí jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kàwé gboyè kejì ló tú àṣírí náà, kò sì mọ̀ pé òun ń tú àṣírí ewu. Ohun tó ń wá ni bí iṣan ṣe ń rẹ̀. Bí iṣan bá ń rẹ̀, àmì iná rẹ̀ á máa lọ́ra sí i: ìwọ̀n Hz tó pín agbára àmì náà sí méjì dọ́gba-dọ́gba á máa wálẹ̀. Ó ka ti olùyọ̀ǹda kan, ó ka ti ìkejì, ìṣirò rẹ̀ ò bára mu. Ó wá ya àwòrán agbára àmì náà ní Hz kọ̀ọ̀kan, ó sì sáré wá pè mí.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo ihò tó wà níbí.”

Ihò wà níbẹ̀ lóòótọ́, ní 50 Hz gan-an, níbi tí asẹ́ ti gé e. Agbára àmì iṣan tí a ń kà lórí awọ wà láàárín bíi 20 Hz sí 450 Hz, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì wà láàárín 50 sí 150. Inú ibi tí àmì tí a ń wá pọ̀ sí gan-an ni asẹ́ wa ti ń gé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, òpó gíga dúró ní 150 àti ní 250, tí asẹ́ ò fọwọ́ kàn. Àwọn ọmọ ariwo 50 Hz nìyẹn: bí iná ògiri bá ti wọ́, ó máa ń hàn ní ìlọ́po mẹ́ta àti ìlọ́po márùn-ún.

“Tí a bá yọ asẹ́ yìí, báwo ni ariwo náà ṣe pọ̀ tó gan-an?” Ìbéèrè rẹ̀ nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn, nítorí kò sẹ́ni tó wo ìlà náà láìsí asẹ́ láti ọ̀sẹ̀ méje.

A yọ ọ́. Ariwo náà fi nǹkan bí ìlọ́po ogún ju èyí tí a rí lọ́sẹ̀ kìíní tí a kó wá.

Bí a ṣe wá a nìyí. Awọ la kọ́kọ́ fura sí. Bí awọ kò bá mọ́, tí electrode kan lẹ̀ dáadáa tí èkejì kò lẹ̀, ariwo tó yẹ kó dọ́gba lójú méjèèjì kò ní dọ́gba mọ́, amplifier ò sì ní lè yọ ọ́ kúrò. Amplifier tó dára lè tẹ ohun tó bá dé ojú méjèèjì bákan náà mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po 100,000, ṣùgbọ́n àfi kó dé bákan náà. A fi ọtí ìṣègùn nu awọ, a pààrọ̀ electrode. Ariwo dín díẹ̀, kò lọ.

A pa gbogbo iná òkè. Kò yí padà.

Lífìtì ló gba àkókò wa jù. Yàrá tí mọ́tò rẹ̀ wà kò jìnnà sí wa, gbogbo ènìyàn ló sì dá lójú pé òun ni. Bó ṣe rọrùn láti di ẹ̀bi ru ohun tó tóbi, tó ń dún, tí kì í sì í ṣe tiwa! Èmi àti akẹ́kọ̀ọ́ náà dúró di aago méjì òru ọjọ́ kan, nígbà tí lífìtì ti dúró tí ilé sì dákẹ́. Ariwo náà wà níbẹ̀ bó ṣe wà lọ́sàn-án.

A wá pa àwọn ẹ̀rọ inú yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan. A pa kọ̀ǹpútà kejì, a pa afẹ́fẹ́, a tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ ìrìn kó kú. Ariwo dúró gbọnin. A kọ ọ́ sínú ìwé pé ọwọ́ ẹ̀rọ ìrìn mọ́.

Ọ̀nà tí a gbà dán an wò ló tàn wá jẹ. Bọ́tìnnì tó wà lójú ẹ̀rọ ìrìn ń dá mọ́tò dúró ni, kì í gé iná kúrò lára ẹ̀rọ náà. Níbi tí iná ti ń wọlé, kí ó tó dé ibi bọ́tìnnì rárá, kapásítọ̀ kéékèèké, ẹ̀yà tó ń gba iná pamọ́ fún ìgbà díẹ̀, wà tí wọ́n so mọ́ ara irin rẹ̀, kí wíwọ́ iná mọ́tò má bàa jáde sínú wáyà ilé. Bí pílọ́ọ̀gì bá ti wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, àwọn kapásítọ̀ yẹn ń jo iná díẹ̀ sára irin náà, kí mọ́tò máa yí o, kó má yí o. Kì í ṣe àbùkù. Iṣẹ́ wáyà éàtì ni pé kó kó iná yẹn lọ sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ló tún rí èyí tó kù. Ó dúró lórí ẹ̀rọ ìrìn tó ti “kú” náà, electrode lára rẹ̀, ó kàn fọwọ́ lé irin ìdìmú láti sinmi. Ìlà ojú kọ̀ǹpútà fò sókè. Ó gbọ́wọ́ kúrò, ó wálẹ̀. Ó tún fọwọ́ lé e. Mo rí i láti ìdí tábìlì, àyà mi là gààràgà, nítorí ìgbà yẹn ni mo rántí obìnrin tó sọ pé èèrà ń rìn lọ́wọ́ òun. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ kíá. Mo fa pílọ́ọ̀gì yọ lára ògiri, ariwo náà kú fin-ín.

Mo dá pílọ́ọ̀gì padà láìsí ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀rọ, mo fi mítà wọn iná láàárín irin ẹ̀rọ ìrìn àti éàtì ilé: 112 volt. Bí ẹ̀rọ tó ní irú kapásítọ̀ bẹ́ẹ̀ kò bá ní éàtì, ara irin rẹ̀ máa ń léfòó sí nǹkan bí ìdajì iná ògiri. Volt nìkan kò sọ bí ewu ṣe tó, nítorí náà mo fi resistor 1,000 ohm, ẹ̀yà tó ń dènà iná, tó dúró fún ara èèyàn nínú irú ìdánwò yìí, so irin náà mọ́ éàtì, mo sì wọn iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó jẹ́ 1.9 mA, ìyẹn milliampere, ìdá ẹgbẹ̀rún ampere. Ìlànà àgbáyé fún ẹ̀rọ ìṣègùn, IEC 60601-1, kò fàyè gba ju 0.1 mA lọ lára ibi tí ọwọ́ lè kàn nígbà tí gbogbo nǹkan bá pé, àti 0.5 mA bí wáyà éàtì bá já. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ iná lára láàárín 0.5 sí 1 mA. Bí èèrà.

Mo tú extension náà. Nínú pílọ́ọ̀gì rẹ̀, wọ́n ti gé wáyà éàtì, wọ́n sì fi téèpù dì í lórí tónítóní. Ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń ṣe.

Lẹ́yìn èyí la wá lóye gbogbo rẹ̀. Ariwo ọ̀sẹ̀ kìíní wá nítorí pé éàtì méjì ló wà, tí wáyà tín-ín-rín yẹn sì so wọ́n pọ̀: iná ń yí po láti éàtì kan bọ́ sí èkejì, ó ń gba inú ẹ̀rọ wa kọjá. Ẹnìkan ti kọ́ níbìkan pé bí èèyàn bá gé éàtì kan, ìyípo náà á já, òótọ́ sì ni, ariwo yẹn a lọ. Ó gé e ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Láti ọjọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń gbé iná irin ẹ̀rọ ìrìn lọ sílẹ̀ ni ìbòrí onírin tó wà nínú wáyà tín-ín-rín yẹn, tí wọn kò ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láéláé. Nígbà tí wọ́n tú u torí ìwádìí tuntun, kò ku nǹkan kan. Ariwo ńlá tó dé lọ́jọ́ yẹn ń sọ fún wa pé ẹ̀rọ ìrìn ti di ẹ̀rọ tí kò léàtì. Òun nìkan ló ń sọ ọ́, a sì fi asẹ́ pa á lẹ́nu mọ́.

Àwọn kan bi mí pé ṣé gbogbo èyí tó nǹkan. 1.9 mA kò ní pa èèyàn tó fọwọ́ kàn án. Charles Dalziel, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí bí iná ṣe ń ṣe ara èèyàn ní yunifásítì California ní Berkeley, fi hàn pé iná tí ọwọ́ kò fi ní lè jọ̀wọ́ ohun tó dì mú wà ní nǹkan bí 10 mA. A ò dé ibẹ̀. Amplifier wa sì jẹ́ irú èyí tó ya ara èèyàn sọ́tọ̀ kúrò lára éàtì, nítorí náà iná náà kò rí ọ̀nà tó rọrùn gbà jáde lára àwọn olùyọ̀ǹda wa.

Ṣùgbọ́n lórí tábìlì kan náà, amplifier mìíràn wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ ara wọn kọ́, tó ń gba iná láti USB kọ̀ǹpútà ńlá. Kò ní ìyàsọ́tọ̀ kankan. Electrode rẹ̀ kan so tààrà mọ́ éàtì kọ̀ǹpútà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò lára èèyàn lórí ẹ̀rọ ìrìn yẹn: òógùn lára, awọ tí wọ́n ti fi nǹkan ha kí iná lè wọ̀ ọ́ dáadáa, ọwọ́ lórí irin. Bí ohun tó bo wáyà inú mọ́tò bá bó lọ́jọ́ kan, gbogbo 230 volt ni yóò bọ́ sára irin náà, yóò sì gba ọwọ́ wọlé, yóò gba àyà kọjá. Ẹ̀rọ tó ń já iná fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá jò, 30 mA ni èyí tí a ń lò ń dúró dè, 1.9 mA kò lè jí i. Lọ́jọ́ tó bá sì jí, ara èèyàn ni wáyà tó máa kọ́kọ́ fi tó o létí.

Àtúnṣe rẹ̀ kò pẹ́ tó wíwá rẹ̀. Àwọn oníná tún wáyà fà: gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá náà ń jẹ láti ojú kan, gbogbo éàtì wọn sì pàdé lórí irin kan ṣoṣo kó tó lọ sílẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé éàtì kan ló wà, ìyípo tó dá wàhálà sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kìíní kò níbi tó máa yí gbà mọ́. A fún ẹ̀rọ ìrìn ní wáyà tó gùn tó tirẹ̀, kò gba inú extension mọ́. Mo wọn ọ̀nà éàtì ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí èèyàn lè fọwọ́ kàn. Amplifier àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ bátìrì báyìí, ó sì ń fi àmì rẹ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ ìmọ́lẹ̀, kò sí wáyà tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ asẹ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn kan ní ká fòfin dè é. Èmi ò fara mọ́ ọn, torí asẹ́ ní ìwúlò tirẹ̀. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé àmì tí kò tíì gba asẹ́ kọjá ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tọ́jú, pé asẹ́ lẹ́yìn ìgbà yẹn ni, àti pé kí olùyọ̀ǹda kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á wo ìlà náà láìsí asẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, á sì kọ bí ariwo ṣe pọ̀ tó sínú ìwé. Bó bá ju ti àná lọ, iṣẹ́ dúró.

Kọ̀ǹpútà ò tọ́jú àmì àtilẹ̀bá àwọn olùyọ̀ǹda mẹ́rìnlá tí a ti kà, èyí tó gba asẹ́ kọjá nìkan ló wà. A da gbogbo rẹ̀ nù. Ó dun ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni ìwádìí náà, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́. A kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún ìwádìí, a sì ṣàlàyé fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá pé irin tí wọ́n dì mú ní iná lára. Èmi ni mo lọ bá obìnrin tó sọ ti èèrà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ti mọ̀ lọ́jọ́ náà pé kì í ṣe bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n òun rò pé èmi ni mo mọ̀ jù.

A ò wá ẹni tó gé wáyà éàtì. Mo ti mọ̀ pé ó fẹ́ ran iṣẹ́ lọ́wọ́ ni, àti pé bó bá kọ ìlà kan péré sínú ìwé àkọsílẹ̀ yàrá lọ́jọ́ tó gé e, ǹ bá ti rí i. Ìwé náà wà ní ọ́fíìsì mi nígbà yẹn, nínú àpótí tí mo máa ń tì. Ẹnu ọ̀nà yàrá ló wà báyìí, pẹ̀lú gègé.

Lẹ́yìn náà ni mo gbé mítà, mo wọ àwọn yàrá ìwádìí tó kù nísàlẹ̀ ilé yẹn. Extension mọ́kànlélógún ni mo yẹ̀ wò. Méjì nínú wọn kò ní éàtì, ọ̀kan sì ló ń gbé iná fún ibùsùn irin tí wọ́n ń tẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda sí láti ka iná ọkàn wọn.